Gbogbo Ohun Tó Ń Jẹ́ Alúẹ́tì

Kò sí ẹni tí kò mọ agbọ̀n Soaz Malgorn ní erékùṣù Ouessant, ní etíkun ilẹ̀ Faransé. Agbọ̀n náà kò tóbi, etí rẹ̀ kan sì ti já tí a fi okùn àwọ̀n so ó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í yí padà: súwẹ́tà aláwọ̀ aró kan tí a fi irun àgùntàn hun, búrẹ́dì kan, ìgò kékeré ọtí líle kan, àti àbẹ́là tí fadá yà sí mímọ́ fún àwọn obìnrin ìlú kí wọ́n lè máa tàn án sójú fèrèsé nígbà ìjì. Bí Soaz bá ti gbé agbọ̀n náà kọ́ apá, tó wé ìborí dúdú rẹ̀, tó sì kọrí sí èbúté, àwọn ará ìlú á ti mọ̀ pé ohun kan tó ń jẹ́ Alúẹ́tì ti dé.

Alúẹ́tì ni orúkọ tí àwọn ará Faransé ń pe ẹyẹ kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí erùpẹ̀, tó máa ń tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sínú koríko lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n tó máa ń gun òfuurufú lọ tààrà pẹ̀lú orin lẹ́nu títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Ẹyẹ náà pọ̀ lórí pápá erékùṣù yẹn, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí igi dúró. Bóyá nítorí pé ó kéré tí kò sì bẹ̀rù òkè ni àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn láti fi orúkọ rẹ̀ sọ ohun ìní wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó èédú àti wáìnì wá láti ilẹ̀ ńlá ń jẹ́ Alúẹ́tì. Ilé ọtí tí Bivig ṣí sí ẹ̀bá èbúté ń jẹ́ Alúẹ́tì. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà lọ́dọ̀ aya olùkọ́ ń jẹ́ Alúẹ́tì, a fi ọ̀dà wúrà kọ ọ́ sí ìhà rẹ̀. Kódà àgùntàn dúdú kan wà tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó máa ń fò sókè láìnídìí.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìwọ̀nyí tó dé, Alúẹ́tì kan ti wà: ọkọ̀ tí Jakez Tual, ọkọ Soaz, fi ń dẹ akàn. Jakez fúnra rẹ̀ ló kàn án lẹ́yìn ilé wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó fẹ́ to pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó bá ìtẹ́ ẹyẹ náà lórí ilẹ̀ gan-an níbi tí yóò ti ṣiṣẹ́, ẹyin sì wà nínú rẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ tì títí àwọn ọmọ ẹyẹ náà fi fò. Soaz pè é ní ọ̀lẹ. Jakez dá a lóhùn pé ẹni tó bá lé onílé kúrò kò gbọdọ̀ retí pé kí òkun gba òun lálejò. Bí ọkọ̀ náà ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, Jakez dá wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Òkun tòrò bí omi inú àwo. Kò mú súwẹ́tà rẹ̀ dání nítorí pé oòrùn ti ń ta. Soaz ké sí i láti ẹnu ọ̀nà pé kó padà wá mú un. Jakez ju ọwọ́ sí i, ó ní òun yóò dé kí oúnjẹ tó jinná. Lẹ́yìn èyí ni kùrukùru ṣú bo gbogbo ojú omi. Nígbà tí kùrukùru náà ká, kò sí ọkọ̀, kò sí Jakez. Àjẹ̀ kan kò léfòó, pákó kan kò gúnlẹ̀.

Àwọn ará erékùṣù náà ní ètò fún ẹni tí òkun bá gbé mì, nítorí pé òkun ti gbé púpọ̀ nínú wọn mì. Bàbá ìsàmì ẹni tó sọnù ni yóò wá sí ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yóò fi eegun ìka kan gíláàsì fèrèsé jẹ́jẹ́, yóò sì sọ fún aya rẹ̀ pé, "Ọmọ mi, próẹ́là wà nílé rẹ lónìí." Próẹ́là ni wọ́n ń pe ìpadàbọ̀ sílé. Wọn á fi ìda àbẹ́là mọ àgbélébùú kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Wọn á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọn á gbé àgbélébùú náà lé e, wọn á sì ṣe àìsùn rẹ̀ bí ẹni pé òkú fúnra rẹ̀ ló nà gbalaja síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, bàbá ìsàmì yóò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e, nítorí pé ọwọ́ tó gbé ènìyàn wọ inú omi ìsàmì ni ó gbọ́dọ̀ gbé e jáde kúrò nínú omi òkun. Bí a kò bá ṣe é, ẹni náà kò sí láàrin òkú, kò sì sí láàrin alààyè. Yóò máa rìn kiri, òtútù yóò sì máa mú un.

Lann Berthelé ni bàbá ìsàmì Jakez. Ó wá ní ìrọ̀lẹ́, ó kan fèrèsé. Soaz ń fún Enora, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, lọ́mú. Ó gbọ́ ìró ìka náà, ó mọ ẹni tó ni ín, ó sì fẹ́ fìtílà pa.

"Ọmọ mi," ni Lann wí láti ìta, "mo rí ọ kí o tó paná."

"Ẹ ti ṣìlé, Bàbá," ni Soaz dáhùn láti inú òkùnkùn. "Kò sí opó níbí."

Lann dúró díẹ̀, ó sì lọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fipá gbé próẹ́là wọlé onílé. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí ọjọ́ náà bá ti yípo, àgbàlagbà náà á wá, á kan fèrèsé, Soaz á sì fẹ́ iná pa. Ó di ohun tí àwọn méjèèjì ń ṣe bí ẹní ń kí ara wọn.

Kò pẹ́ tí Jakez sọnù ni òkun gbé agolo bísíkíìtì kan wá sí etí iyanrìn, omi ti jẹ àwòrán ara rẹ̀ tán, orúkọ nìkan ló kù: Alúẹ́tì. Soaz gbé e wálé, ó sì fi í sórí pẹpẹ ìdáná. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé agbọ̀n. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó ti sọnù nínú kùrukùru kò lè mọ ọ̀nà. Ohun tó ṣẹ́kù fún un láti dì mú ni orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, ohunkóhun tó bá sì jẹ́ orúkọ náà lè gbé e wálé.

Ohun kan tún wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ohun tuntun kan tó ń jẹ́ Alúẹ́tì bá máa dé, ó máa ń bá omi níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀. Omi náà kì í pọ̀. Ó máa ń dà bí èyí tó kán sílẹ̀ lára ẹni tó dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà kan, Soaz bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó sì fi ahọ́n lá ìka náà. Iyọ̀ ni.

Nítorí náà ni ó ṣe lọ pàdé ọkọ̀ akẹ́rù ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀, tó ń wo ojú àwọn atukọ̀ níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe wọ ilé ọtí Bivig ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, tó jókòó sí igun pẹ̀lú agbọ̀n lórí itan, tí kò mu nǹkan kan, tó sì ń wo ilẹ̀kùn títí gbogbo oníbàárà fi tú ká.

Bivig kò jẹ́ kí ó gbàgbé. Bí ó bá ti rí i lójú ọ̀nà, á ké sí i.

"Soaz, àgùntàn Alúẹ́tì ti bímọ o. Ó bí ọkùnrin. O ò wá wojú ẹ̀, bóyá wàá mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti wò ó," ni Soaz dáhùn láìdúró. "Ìwọ ló jọ. Orí ńlá, kò sì sí nǹkan nínú ẹ̀."

Àwọn ọkùnrin tó wà níwájú ilé ọtí rẹ́rìn-ín, Bivig náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà ìjì, bí Bivig bá rí iná àbẹ́là lójú fèrèsé Soaz, ó máa ń fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, ó sì máa ń yí ojú sí ibòmíràn.

Enora dàgbà nínú ilé yìí. Ó di ọ̀dọ́bìnrin tí ń bá oníbúrẹ́dì ìlú ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ní ọjọ́ kan tí òun àti ìyá rẹ̀ ń wú pòtétò, ó gún ọkọ́ mọ́lẹ̀ ó sì dúró.

"Màmá, kí ni mo jẹ́?"

"Enora ni ẹ́. Wú pòtétò."

"Orúkọ kọ́ ni mò ń bi yín. Tí wọ́n bá bi àwọn ẹgbẹ́ mi pé bàbá wọn ńkọ́, wọ́n á ní ó wà lójú omi, tàbí wọ́n á ní ó ti kú. Èmi ńkọ́? Kí ni kí n sọ?"

"Sọ pé ó ń bọ̀."

"Mo ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mi ò tíì léyín. Ẹ wo súwẹ́tà yẹn, kòkòrò ti jẹ ẹ́ lọ́rùn."

"Mo ti tún ọrùn ẹ̀ hun."

"Àti apá?"

"Mo ti tún apá náà hun."

"Nígbà náà, súwẹ́tà wo ló kù, Màmá? Èyí tó fi sílẹ̀ kọ́ nìyẹn mọ́."

Soaz wú pòtétò títí dé ìpẹ̀kun ebè, kò sì gbójú sókè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, nítorí pé òun náà ti rò ó rí.

Ní ọdún tí Enora sọ ọ̀rọ̀ yìí ni àìsàn àyà dá Lann Berthelé dùbúlẹ̀. Soaz se ẹran àgùntàn fún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sè é níbẹ̀: ìkòkò irin tí a fi ebè koríko gbígbẹ bò, tí a sì finá sí títí tí ẹran yóò fi rọ̀ pẹ̀lú èéfín nínú rẹ̀. Ó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àgbàlagbà náà.

Lann tọ́ ọ wò. "Ìyàwó wa, ṣé ẹran nìyí àbí bàtà?"

"Ẹran ni. Eyín yín ló lọ."

"Eyín mi lọ lóòótọ́. Gbogbo ara ló ń tẹ̀lé e, díẹ̀díẹ̀." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wú ní oríkèé, kò sì lè ká wọn pọ̀ dáadáa mọ́. "Soaz, jókòó. Tí mo bá kú, ta ló máa gbé Jakez?"

"Ẹnì kankan ò ní gbé e. Kò kú."

"Kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kí ọmọ ẹni nù lọ. O ti gbọ́ ọ rí."

"Mo ti gbọ́ ọ. Ẹni tó sọ ọ́ ò mọ Jakez."

"Èmi mọ̀ ọ́n." Ohùn Lann rẹlẹ̀. "Èmi ni mo gbé e dúró níwájú fadá. Ó ń ké bíi pé wọ́n fẹ́ pa á, ó sì tọ̀ sí mi láṣọ. Mo ṣèlérí fún Ọlọ́run lórí ẹ̀. Kò sí ọwọ́ míì tó lè gbé e lẹ́yìn tèmi, ìwọ náà mọ̀. Tí mo bá lọ báyìí, títí láé ló máa wà níta. Tí mo bá dé ọ̀hún, tí wọ́n bi mí pé Jakez dà, kí ni kí n wí?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ó ń bọ̀."

Lann rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbá a mú. Nígbà tí ikọ́ náà dá, ó nu ẹnu rẹ̀. "Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń bọ̀, ọmọ mi. Ibi tó ń bọ̀ wá gan-an ni kò mọ̀, nítorí pé ìwọ ò ṣílẹ̀kùn."

Soaz gbé ìkòkò rẹ̀, ó sì jáde. Lójú ọ̀nà ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àgbàlagbà tí àìsàn ń ṣe lè sọ ohunkóhun. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Bí Lann bá kú, kò ní sí ìka tí yóò kan fèrèsé rẹ̀ mọ́ láyé. Kò tíì rò ó rí pé òun yóò sàárò ìró náà.

Ìjì bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kankan kò sì lè kúrò ní èbúté. Àyà Lann ń burú sí i. Sista Wenna, tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn erékùṣù náà, bá ilẹ̀ ńlá sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Lẹ́yìn náà ni ó yà sí ibi ìyan búrẹ́dì, níbi tí Soaz àti Enora wà.

"Wọ́n máa wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Brest lọ́la, tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ díẹ̀," ni Sista wí. "Àwọn ológun ojú omi fẹ́ fi hẹlikópítà ránṣẹ́. Wọ́n á bà sórí pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Irú hẹlikópítà wo?" ni Soaz bèèrè.

"Kí lèmi mọ̀ nípa irú? Wọ́n ní Alúẹ́tì ni." Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ó fọwọ́ bo ẹnu.

Enora wo ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Nítorí Bàbá Lann ló ṣe ń bọ̀. Kì í ṣe nítorí wa."

Nígbà tí Soaz jí ní ọjọ́ kejì, ó lọ wo iwájú ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ gbẹ. Ìgbà tó yí ojú padà ló tó rí omi náà. Ó wà nínú ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ó gba orí ilẹ̀ kọjá, ó sì dé ìdí àga tí agbọ̀n wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti pọ̀ jù. Soaz dúró, ó sì ń wò ó. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ayọ̀ ni omi náà máa ń fún un. Ní àárọ̀ yìí, ó rí i gẹ́gẹ́ bí omi tó kán sílẹ̀ lára ẹnì kan tí òtútù ń mú, tó sì dúró ti aṣọ rẹ̀ tí kò lè mú un. Àánú ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó nu ilẹ̀, ó gbé agbọ̀n, ó sì jáde.

Gbogbo ìlú ló wà lórí pápá. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó rí i. Lẹ́yìn náà ni ó yọ láti inú ìkùukùu, orí rẹ̀ jẹ́ kìkì gíláàsì, ìrù rẹ̀ tín-ín-rín, ariwo rẹ̀ sì lé gbogbo ẹyẹ orí pápá lọ. Àwọn àgùntàn sá. Àwọn ọmọdé dì mọ́ ìyá wọn. Soaz nìkan ló ń rìn lọ síwájú, ìborí rẹ̀ ń fẹ́, agbọ̀n wà lápá rẹ̀.

Atukọ̀ náà fò sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Tangi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ erékùṣù Molène tó wà nítòsí. "Ìyá, ẹ kúrò lábẹ́ abẹ̀bẹ̀ yẹn. Orí yín ló máa gé, kì í ṣe ìborí nìkan."

Soaz ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ta ló tún wà nínú ẹ̀?"

"Èmi nìkan ni, Ìyá. Àyè aláìsàn ló wà lẹ́yìn."

Soaz sì rí i. Gíláàsì náà mọ́ débi pé kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ara pamọ́ sí. Ìjókòó wà nínú rẹ̀, bẹ́líìtì wà lórí ìjókòó, kò sì sí ẹnì kan. Kò tíì rí Alúẹ́tì kan tó ṣófo bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn yòókù máa ń ní kọ̀rọ̀, wọ́n máa ń ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n máa ń ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí ènìyàn lè máa rò pé ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n gbé Lann kọjá lórí àkéte. Ó ń gbọ̀n. Ètè rẹ̀ ti yí padà sí àwọ̀ èédú. Ọwọ́ rẹ̀ kan jábọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkéte, Soaz sì rí ìka wíwú náà, èyí tó ti ń kan fèrèsé rẹ̀ láti ìgbà tí Enora wà lẹ́nu ọmú. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fa súwẹ́tà yọ nínú agbọ̀n, ó sì ti tẹ́ ẹ lé ẹsẹ̀ àgbàlagbà náà.

Lann la ojú. "Ti Jakez nìyí."

"Ẹ fi bora. Òtútù ń mú yín."

"Òtútù ń mú òun náà," ni Lann wí. Wọ́n gbé e wọlé, Sista Wenna wọlé tẹ̀lé e, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Tangi bọ́ sórí ìjókòó rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ náà sì ń ga sí i. Koríko pápá dojúbolẹ̀.

Gbogbo ènìyàn fà sẹ́yìn. Enora di apá ìyá rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n Soaz já ara rẹ̀ gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ń wọ ilé kúkúrú, ó sáré wọ abẹ́ abẹ̀bẹ̀ náà, ó dé ara gíláàsì, ó sì fi eegun ìka kàn án jẹ́jẹ́.

Ariwo kò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Lann rí ìka náà. Ó tilẹ̀ gbìyànjú láti jókòó. Ẹnu Soaz ń mì lẹ́yìn gíláàsì. Tangi wo obìnrin náà, ó wo àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wo ìka tí kò dẹ́kun kíkàn. Ìyá rẹ̀ ti ṣí fèrèsé fún irú ìkànkùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó pa ẹ̀rọ.

Nígbà tí abẹ̀bẹ̀ dúró, pápá náà dákẹ́ rọ́rọ́, a sì gbọ́ ohùn Soaz kedere.

"Bàbá Lann, próẹ́là wà nílé mi lónìí."

Sista Wenna ní kí wọ́n máa lọ. "Àyà ẹ̀ ò lè dúró. Ẹ fẹ́ kí ó kú síbí?"

"Sista, ẹ dákẹ́," ni Lann wí. "Mo ti ń dúró láti ìgbà tí ẹ ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wé ìborí. Ẹ gbé mi sọ̀kalẹ̀."

Soaz yọ àbẹ́là kúrò nínú agbọ̀n. Ó ṣẹ́ ẹ, ó fi èémí rẹ̀ mú un gbóná, ó sì ń fi ìka mọ ọ́ bí obìnrin ti ń mọ ìyẹ̀fun. Kò sí tábìlì, kò sí àìsùn, oòrùn ọ̀sán sì wà lórí gbogbo wọn. Bivig tú aṣọ funfun tó so mọ́ ìdí, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì tẹ́ ẹ sí àyà Lann. "Ó mọ́," ló wí. "Òwúrọ̀ yìí ni mo wọ̀ ọ́." Soaz gbé àgbélébùú náà lé e. Ó tẹ̀ díẹ̀ ní apá kan. Lann fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e: àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé àgbàlagbà, àgbàlagbà sì gbé Jakez. Tangi mú igun àkéte kan. Ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà sí pápá, fadá sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìsìn rẹ̀ ní òdì nítorí ìkánjú. Agogo bẹ̀rẹ̀ sí dún. Enora rìn ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń sunkún láìfi pamọ́, bí ẹni tí wọ́n ti fún láyè níkẹyìn. Soaz kò sunkún. Nígbà tí Lann na ọwọ́, tó sì gbé àgbélébùú ìda náà sínú àpótí igi tí wọ́n ń kó àgbélébùú àwọn tí òkun gbé mì sí, Soaz gbọ́ ìró kékeré tó ṣe bó ti kan ìsàlẹ̀ igi. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ ilé.

Hẹlikópítà náà gbé Lann lọ ní kété lẹ́yìn èyí.

Gbogbo ìlú gbà pé òkú rẹ̀ ni ọkọ̀ yóò gbé wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjì tán, Lann fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní èbúté, ó di ọ̀pá mú, ó sì ń bú oúnjẹ ilé ìwòsàn. Kò yà sí ilé rẹ̀ kó tó lọ sọ́dọ̀ Soaz. Ilẹ̀ kò tíì ṣú, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Enora gbé àga fún un.

"Ẹran bàtà yẹn," ni Lann wí, "mo lá àlá ẹ̀ ní Brest. Ṣé ó kù?"

"Mo máa sè é fún yín," ni Soaz dáhùn. "Súwẹ́tà mi dà?"

Lann gbé ọ̀pá rẹ̀ ti orúnkún. "Sista ò tíì sọ fún ọ?"

"Sista ní orí ẹsẹ̀ yín ló wà nígbà tí ẹ gbéra. Ó ní òun ò rí i mọ́ nígbà tí ẹ bà. Ó ní inú ẹ̀rọ kún fún omi, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sì ń wá ibi tó ti ń jò, kò rí i."

"Kò jò," ni Lann wí. "Ẹnì kan jókòó síbi ẹsẹ̀ mi lójú ọ̀run lókè níbẹ̀. Mi ò rí ojú ẹ̀ dáadáa, oòrùn wà lẹ́yìn ẹ̀. Omi ń kán lára ẹ̀, ó sì ń gbọ̀n, eyín ẹ̀ ń pa ara wọn. Mo ní, gba aṣọ rẹ, ọmọ mi, wọ̀ ọ́. Ó wọ̀ ọ́."

Enora ti dúró láìmira pẹ̀lú ago lọ́wọ́. Soaz jókòó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ na aṣọ itan rẹ̀ ṣáá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rún.

"Ṣé ó bá a mu?" ló bèèrè.

Lann ronú sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ parọ́. "Apá ẹ̀ gùn díẹ̀."

"Èmi ló tún un hun," ni Soaz wí. "Mo fi kún un láìmọ̀."

Láti ọjọ́ náà, kò sí omi níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́, agbọ̀n náà sì di ohun tí wọ́n ń kó ẹyin sí. Ọkọ̀ akẹ́rù náà ṣì ń wá. Bí ó bá ti fọn fèrè ní ẹnu èbúté, tí Soaz sì wà nínú oko, ọkọ́ rẹ̀ á dúró lókè díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan pè é. Á gbọ́ ẹyẹ náà lórí pápá, tí ń gòkè lọ pẹ̀lú orin. Á dúró títí orin náà yóò fi dákẹ́, lẹ́yìn èyí ni ọkọ́ yóò tó sọ̀kalẹ̀.